Ẹni Tó Ń Jókòó Lórí Táyà Ọ̀tún

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ọkùnrin gbé mi láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí nínú ọkọ̀ rẹ̀ tuntun. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, títì ṣì ń dán. Ewúrẹ́ kan ṣàdédé já sí wa níwájú, ọmọ náà fi gbogbo ara tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, èmi náà ti di àga mú, mo ti ń pe orúkọ Ọlọ́run kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò yọ̀. Nǹkan kan kàn ń gbọ̀n tìrìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ yà fún ewúrẹ́ wẹ́rẹ́, ó sì dúró. Mo ní kí ló ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, bí ọkọ̀ ayé òde òní ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí èèyàn bá tẹ búréèkì jù, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á tú u sílẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́, á tún tú u sílẹ̀, kí táyà má baà há." Mo kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Ṣakí. Ó rò pé ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù kọ́ rárá. Bàbá mi ni mo rántí. Ohun tí wọ́n wá kó sínú ọkọ̀ yìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi ló wà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì sí awakọ̀ kan ní gbogbo agbègbè wa tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ní ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé wa ti wọ́.

Ilé wa kò tóbi. Bàbá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Sàláwà, ní lọ́rì onípákó kan tó fi ń kó iṣu láti Ògbòòrò àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wá sí Ṣakí. Màmá ń ta wàrà àti ẹ̀kọ bàbà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, ló ni yàrá tó kọjú sí àgbàlá, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ nínú ilé náà tí etí rẹ̀ kì í gbọ́. Sàláwà ni àkọ́bí, èmi Rábì ni àbíkẹ́yìn, àwọn tí Màmá bí sáàárín wa kò dúró. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni ìgbálẹ̀ Màmá, ṣà, ṣà, lórí ilẹ̀ àgbàlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ikọ́ Ìyá Àgbà, tí kì í ṣe ikọ́ àìsàn, ikọ́ "mo ti jí o, ẹ má sọ̀rọ̀ mi" ni. Nígbà náà ni lọ́rì á wá hú, tí àwọn ewúrẹ́ á fò sókè bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí lánàá. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn èéfín dísù lọ́rì pẹ̀lú òórùn ẹ̀kọ gbígbóná, ọmọdé ni mí lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni kí n fi igi ṣóńṣó yọ òkúta tó há sínú ilà ara táyà. Mo kórìíra rẹ̀ púpọ̀. Ìyá Àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa jẹ ẹ̀kọ, á máa bá táyà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní táyà tí ilà ojú rẹ̀ bá ti parẹ́, kò lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ọ̀yọ́ mọ́, kí wọ́n lé e kúrò nílé. Bàbá á ní, "Ẹ wò ó, Ìyá mi mọ̀ ju mẹkáníìkì lọ. Ilà yẹn ló ń lé omi sẹ́yìn kí rọ́bà lè kan ilẹ̀." Sàláwà ní tirẹ̀ ń nu gíláàsì iwájú, ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti parí ìwé rẹ̀ lọ́dún yẹn, ó sì ti gba àyè sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Bàbá ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Kódà ó kéde rẹ̀ fún Fúlàní tó ń gbé wàrà wá fún Màmá, ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àbẹ̀kẹ́ ni Bàbá máa ń pe Sàláwà, oríkì rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé.

Lọ́jọ́ kan tí òjò dá, mo ń lé adìẹ kiri àgbàlá, mo fẹ́ dúró lójijì, ẹsẹ̀ mi yọ̀, ó di gbì nínú ẹrẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kàkà kó gbé mi dìde, ó ní kí n tún sá eré náà, ṣùgbọ́n kí n má dá ẹsẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kí n máa gbé e kéékèèké títí eré á fi tán nínú rẹ̀. Mo ṣe é, mi ò ṣubú. Ó ní, "O rí i? Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ń gbé, ìwọ lo ni ẹsẹ̀. Nígbà tí o fi agídí dá a dúró, ilẹ̀ ló ni ín. Táyà náà nìyẹn. Táyà tó ń yí ló ń gbọ́ ohun tí sítíárìn ń sọ fún un. Èyí tó bá ti há, yí sítíárìn títí di ọ̀la, ibi tó ń lọ náà ló ń lọ." Màmá ní kó fi ọmọ sílẹ̀ kó lọ wẹ ẹrẹ̀ kúrò lára. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn olùkọ́ kọ́ mi ní kíláàsì, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé èyí.

Ọ̀nà Ògbòòrò nígbà náà, ilẹ̀ pupa ni látòkèdélẹ̀. Lọ́gbẹlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ á bò ó, táyà á máa yí lórí wọn bí ẹni tó tẹ àgbàdo gbígbẹ. Bí òjò bá wá fọ́n lé e díẹ̀, ó burú ju bí òjò bá rọ̀ dáadáa lọ, torí eruku á di ọṣẹ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá odò, ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ti ń mọ ara wọn lọ́kùnrin. Bí lọ́rì bá kún fún iṣu, kò ṣòro, ẹrù ti tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tó bá ṣófo ni ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, táyà ò rí ilẹ̀ dì mú. Ohun tí Bàbá máa ń ṣe ni pé, bí ẹrù kò bá sí, ó máa ń kó àwa ọmọdé àtàwọn obìnrin ọlọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á dúró, á pariwo pé, "Ẹ bọ́ sẹ́yìn o!" Gbogbo wa á rọ́ lọ sórí táyà ẹ̀yìn, ìyá àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́, a ó há mọ́ ara wa bí iṣu nínú àká. Àwa ni ẹrù. Àwọn obìnrin náà á máa ṣe àwàdà, wọ́n á ní kí ìyá tó sanra jù jókòó sáàárín, kí ó má baà gbé wa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àyè Sàláwà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, lókè táyà gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ kan pákó. Kò sí ẹni tó ń bá a du ibẹ̀. Láti kékeré ló ti ń jókòó síbẹ̀, ó sì mọ ohùn táyà ju ohùn èèyàn lọ. Bí táyà bá ń yí, òkúta á máa lù ú lábẹ́ wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Bó bá há, wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ yẹn á dákẹ́, kìkì híha rọ́bà lórí ilẹ̀ ni yóò kù, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí Bàbá gbọ́ ọ níwájú. Bí Sàláwà bá ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, á fi ìkúùkù kan pákó, gbà! Bàbá á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búréèkì lójú ẹsẹ̀. Kì í bi í pé kí ló dé. Bó ṣe rí láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn, ẹnì kan ni etí, ẹnì kan ni ẹsẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà tí a ń pè ní Bàbá Onírin, torí irin àti páànù ló ń tà. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ wọ ilé. Ó jókòó sí pálọ̀ wa, ó jẹ iyán àti ọbẹ̀ ìlasa Màmá tán, ó wá ní òun gbọ́ pé àwọn ọmọbìnrin tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n á fi ìrun kíkí sílẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ tí kò dé orúnkún, wọ́n á sì bá tíṣà onígbàgbọ́ lọ. Ó ní òun ní ọmọkùnrin kan tó ti tó ìyàwó fẹ́. Họ́wù! Ẹni tí kò wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà rí ló wá ń sọ fún Bàbá ibi tí ọ̀nà já sí. Ẹ̀rù ba Bàbá. Mo mọ̀ báyìí pé ẹ̀rù ni. Nígbà náà, ìbínú ni mo rò pé ó jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí tí Màmá ti rà fún Sàláwà, ó tì í mọ́ yàrá rẹ̀, ó ní kò sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́, pé bí a bá ti wa iṣu tuntun, ìyàwó ni Sàláwà ń lọ jẹ́. Kò jókòó, kò béèrè, kò ní ká gbé e yẹ̀ wò. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbagidi.

Ìyá Àgbà pè é sí yàrá. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Àkànní, ọ̀nà yẹn ń yọ̀. Ṣé bí o ṣe ń ṣe ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò nìyí?" Bàbá ní, "Ìyá mi, ọmọ kì í ṣe lọ́rì." Ìyá Àgbà ní, "Ó burú ju lọ́rì lọ. Lọ́rì ò lè bínú. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Òsì rẹ dà?" Bàbá jáde, ó lọ ń fi sípánà dè bóòtù tí kò tú. Sàláwà kò sunkún lójú wa, ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́ bó bá ń nu gíláàsì. Àárọ̀ ilé wa wá dákẹ́, ìgbálẹ̀ àti ikọ́ nìkan ló kù.

Ọjọ́ ọjà Ògbòòrò kan ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Iṣu kò jáde dáadáa lọ́jọ́ náà, a sì ń bọ̀ wálé lófìfo, Bàbá Onírin níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, àwa yòókù lẹ́yìn. Òjò ń fọ́n wínníwínní. A ti ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nígbà tí màlúù yọ láti inú igbó, tí wọ́n kún orí afárá. Mo rí etí wọn, mo rí ọmọkùnrin Fúlàní tó ń ju ọ̀pá. Ó ní láti jẹ́ pé àyà Bàbá já, torí búréèkì mú gan-an, òkúta dákẹ́ lábẹ́ wa, ẹ̀yìn lọ́rì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ lọ sápá ọ̀tún, síhà kòtò. Ẹni tó bá ti gun ọkọ̀ tó ń yọ̀ rí á mọ̀ pé kì í sáré, ó kàn ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni. Àwọn obìnrin ti ń ké. Sàláwà kan pákó, gbà! Bàbá gbé ẹsẹ̀. Ó yí sítíárìn sí apá kan náà tí ẹ̀yìn ń lọ, síhà kòtò, ohun tí ojú ẹlòmíràn kò ní gbà kó ṣe. Òkúta tún bẹ̀rẹ̀ wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọn. Lọ́rì na ara rẹ̀, ó tọ́. Ó wá ń tẹ búréèkì díẹ̀díẹ̀, ó ń tú u, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí a fi dúró níbi tí mo ti lè gbọ́ èémí màlúù tó gbẹ̀yìn.

Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Ìyá kan wólẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn yòókù yí Bàbá ká, wọ́n ń ki í, "Àkànní, ẹsẹ̀ rẹ ò ní rọ o!" Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kì í ṣe èmi. Àbẹ̀kẹ́ ni. Òun ló kan pákó." Ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ yẹn gbẹ̀yìn. Mo rí i lójú Sàláwà bí ó ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ó rò pé àkókò ti tó. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Bàbá, mo kan pákó, ẹ sì gbé ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, mo tún ń kàn án. Ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Mi ò ní yà kúrò lọ́nà yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa yí."

Bó bá jẹ́ pé nínú ilé ló ti sọ ọ́ ni, bóyá. Bó bá jẹ́ pé Bàbá Onírin kò sí níbẹ̀ ni, bóyá. Ọkùnrin náà kàn wo Bàbá, ó mi orí, ó ní, "Ó ti ń fi ọkọ̀ kọ́ bàbá rẹ̀ báyìí." Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá. Ó ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ máa kọ́ ní búréèkì? Gbọ́ mi dáadáa. Lọ́jọ́ tí o bá gba ẹnu ọ̀nà mi jáde lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà náà mọ́." Ẹyin lohùn. Mo rí i pé òun náà gbọ́ bó ṣe fọ́, torí ó yíjú kíákíá, ó lọ ń wo táyà tí kò ṣe nǹkan kan.

Sàláwà lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí. Kò sá lọ. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, Màmá sì di wàrà àti ẹ̀kọ fún un, ó ń sunkún sórí ewé. Ìyá Àgbà ló ṣí yàrá Bàbá tó gbé àpótí jáde. Ó ní, "Èmi ni mo bí ẹni tó tì í." Òun àti Màmá gbé ọwọ́ lé Sàláwà lórí, wọ́n súre fún un, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Nígbà tí Bàbá dé, ó rí i pé àyè àpótí ṣófo. Ó jẹun. Ó jẹ díẹ̀, ó ti àwo sẹ́yìn, ó ní iyọ̀ pọ̀. Iyọ̀ ò pọ̀.

Ìgbà tó tún gbé ọkọ̀ lọ sí Ògbòòrò, mo bá a lọ. Ó dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ní, "Ẹ bọ́ sẹ́yìn o!" A rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún níbi tí Sàláwà máa ń wà. A ò gbìmọ̀ pọ̀, ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó wá sẹ́yìn, ó wò ó. Ó mú àpò òfìfo kan, ó rìn lọ sétí odò, ó bu iyanrìn kún un fúnra rẹ̀, ó gbé e gun orí, ó sì gbé e kalẹ̀ sí àyè yẹn. Láti ọjọ́ náà, àpò iyanrìn yẹn kò kúrò níbẹ̀, òjò ìbáà rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ìbáà wà, ọkọ̀ ìbáà kún fún iṣu. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìdí lé e, Bàbá á ní, "Rọra, àyè ẹnì kan nìyẹn." Bí àpò náà bá gbó, Màmá á rán òmíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó rán an. Ṣùgbọ́n iyanrìn kì í kan pákó. Bàbá wá ń lọ jẹ́jẹ́, ó máa ń dẹ etí sẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹni tó ń retí ohùn kan. Àwọn awakọ̀ yòókù á fọn fèrè sí i, wọ́n á kọjá. Wọ́n ní Bàbá Sàláwà ti ń bẹ̀rù.

Sàláwà di nọ́ọ̀sì, ó ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya, ó fẹ́ ọkọ níbẹ̀, mùsùlùmí bíi tirẹ̀. Kò fi ìrun sílẹ̀. Àwọn tó ń kó màlúù wá láti òkè ló máa ń jíṣẹ́ rẹ̀: ó ní kí wọ́n kí wa, kí wọ́n sì bá òun béèrè bóyá Bàbá ti mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kúrò. Bàbá á pa adìẹ fún ẹni tó jíṣẹ́. Á ní kí Màmá gún iyán, á bu ẹran tó tóbi jù fún un, á jókòó tì í títí á fi jẹun tán, á bi í nípa ọ̀nà, nípa òjò òkè lọ́hùn-ún, nípa táyà ọkọ̀ rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá wá ní, "Kí ni kí n sọ fún un?", Bàbá á la ẹnu, á pa á dé, á ní, "Ẹ fún un ní omi." Ìyá Àgbà bẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú. Ọmọ tí wọ́n ní kì í gbọ́ràn, ọ̀rọ̀ tó burú jù lọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ ló gbọ́, ó sì pa á mọ́, kò padà wálé. Nígbà tí ara Bàbá kò gbà á mọ́, tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo máa ń rí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò lábẹ́ aṣọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wà?" Ó ní ọ̀nà ń yọ̀. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, mo ti mọ òwe yẹn tipẹ́, àmọ́ mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi ojú rẹ̀ rí i lórí ẹní.

Lẹ́yìn tí a ṣe fídáù Bàbá tán ni Sàláwà dé. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó dúró síta, ó bọ́ bàtà, kò wọlé. Màmá ní, "Wọlé, ọmọ mi, ẹni tó sọ ọ́ ti lọ." Sàláwà ní, "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè wọlé, Màmá. Ta ló máa mú un kúrò?" Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, níbi tí lọ́rì wà lórí bíríkì, táyà ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, pákó ti jẹrà. Ó gùn ún bí ọmọdé, èmi tẹ̀ lé e. Ó lọ tààrà sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì bá òkìtì iyanrìn níbẹ̀, àpò ti já, koríko ti hù lára rẹ̀. Ó ní, "Rábì, ta ló kó iyanrìn sí àyè mi?"

Mo sọ fún un. Mo sọ bí Bàbá ṣe lọ sétí odò, mo sọ nípa Màmá àti àwọn àpò, mo sọ pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ó jókòó sórí iyanrìn náà. Ó ní, "Kí ló dé tí Bàbá ò fi ránṣẹ́?" Mo ní, "Àǹtí mi, wọn ò mọ̀ ọ́n sọ." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó kan pákó, gbà, bó ṣe máa ń kàn án. Díẹ̀ lára pákó tó ti jẹrà náà ṣubú sílẹ̀. Ó dẹtí díẹ̀, ó ní, "Bàbá ti gbé ẹsẹ̀." Ó gbọn iyanrìn kúrò lára ìró rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì yí padà síwájú ilé.

Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ní pálọ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú àga Bàbá, ó ní, "Ẹ kúulé, Bàbá." Àga náà wà lófìfo. Màmá ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Káàbọ̀, Àbẹ̀kẹ́."